Ibo ni màá ti rí ìdákẹ́jẹ́ láàárín gbogbo ariwo yìí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ̀wé ni mò ń gbé, Mariná ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aago 4 ìdájí ni mò ń jí, bí mo bá sì fi máa padà délé, àwọn ọmọ á ti sùn. Jẹnẹrétọ̀ lápá ọ̀tún, gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì lápá òsì. Wọ́n ní kí n máa ṣe àṣàrò kí ọkàn mi lè balẹ̀. Mo gbìyànjú ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ mẹ́ta: oorun gbé mi lọ lọ́jọ́ méjì, lọ́jọ́ kẹta, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni mo ń ṣírò títí mo fi dìde. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tún ní nǹkan àwọn ẹlẹ́sìn Íńdíà ni, kí n má lọ ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀mí tí n kò mọ̀. Kí ni kí n ṣe? – Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọ̀nà o, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín bẹ̀rẹ̀, torí ara ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò lè balẹ̀. Inú Bíbélì Yorùbá gan-an ni ọ̀rọ̀ náà, àṣàrò, wà. Ísáákì jáde lọ sí oko ní àṣálẹ́ láti ṣe àṣàrò. Jóṣúà ni a pàṣẹ fún pé kó máa ṣe é tọ̀sán-tòru. Àwọn Mùsùlùmí àdúgbò yín tó ń fa tẹ̀sùbáà lẹ́yìn ìrun náà mọ̀ ọ́n. Nílé àwọn ìyá wa àgbà ńkọ́? Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí kì í kí ẹnikẹ́ni títí yóò fi bọ́jú. Àkókò ráńpẹ́ yẹn, òun nìkan ló ni ín.

Ní ọdún 2001, Luciano Bernardi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì gbé ìwádìí kan jáde. Ènìyàn 23 ni wọ́n ní kí wọ́n ka àdúrà rosary àwọn Kátólíìkì ní èdè Látìn, kí wọ́n sì tún máa wí ọ̀rọ̀ tí àwọn oníyoga, àwọn tó ń ṣe àṣàrò ti Íńdíà, máa ń wí léraléra. Méjèèjì ló mú mímí wọn lọ sílẹ̀ sí bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀méjìlá sí ogún ni àgbàlagbà tó fara balẹ̀ sábà máa ń mí. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí ẹ gbà gbọ́ ti tó yín lò, bí ẹ bá ṣáà ti ń rọra wí i. Ẹ fi ìka méjì wá ibi tí iṣan ti ń lù lọ́rùn ọwọ́ yín. Bí ẹ bá ń mí sínú, á yára díẹ̀. Bí ẹ bá ń mí jáde, á rọra. Ìdí rèé tí a fi ń jẹ́ kí mímí jáde gùn ju mímí sínú lọ.

Ẹ má bínú sí oorun tó gbé yín lọ. Gbèsè ni ara ń gbà. Ẹni tó ń jí ní aago 4, tó sì ń pẹ́ délé, kò sùn tó wákàtí 7 tó yẹ àgbàlagbà. Nítorí náà n kò ní sọ fún yín pé kí ẹ tún máa jí ní aago 3. Àwọn kan máa ń gbani nírú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń dùn mí, torí oorun ìyá tó ti rẹ̀ ni wọ́n tún ń gé kúrú.

Inú bọ́ọ̀sì ni àyè yín wà. Bí ẹ bá ti rí ìjókòó, ẹ ti fóònù bọ báàgì, ẹ gbé báàgì lé itan, kí ọwọ́ yín wà lórí síìpù rẹ̀. Ẹ má dijú. Ẹ̀yin náà mọ Èkó. Ẹ tẹjú mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó tó wà níwájú yín. Bí ẹ bá ń mí sínú, ẹ wí i nínú pé “Olúwa”. Bí ẹ bá ń mí jáde, ẹ rọra wí i pé “ni olùṣọ́-àgùntàn mi”. Ẹ má fipá mí. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ padà sí bí ẹ ṣe ń mí tẹ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó.

Owó ilé-ìwé á wá. Kọ̀ndọ́ á pariwo, ẹnìkan á máa ta oògùn jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹ má bá ìkankan jà. Ẹ ṣe bí ẹni tó kí èrò ọ̀nà tí kò dúró bá a tàkúrọ̀sọ, kí ẹ padà sídìí ọ̀rọ̀ yín. Ìpadàbọ̀ yẹn gan-an niṣẹ́ náà: bí ẹ bá padà nígbà àádọ́ta, ẹ ti ṣe é nígbà àádọ́ta. Ní ti owó náà, ẹ mú bébà lọ́sàn-án Sátidé, kí ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa. Bí ó bá ti ní àkókò tirẹ̀, kò ní fi bẹ́ẹ̀ yọ yín lẹ́nu láàárín ọ̀sẹ̀.

Ilé ìdáná náà wúlò. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Brother Lawrence, tó kú ní 1691, sìn fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé ìdáná àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn ní Paris. Ìdí ìkòkò ló ti ń bá Ọlọ́run rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní tèmi, àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn ni: mo máa ń gùn ún láìsọ̀rọ̀ kí n tó wọlé bá ẹni tó ń dúró dè mí.

Ọ̀kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ fọwọ́ gidi mú. Bí oorun bá kọ̀ tó ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ kò wọ̀, tí nǹkan tó ń dùn mọ́ yín kò dùn mọ́, ẹ lọ rí dókítà. Bó bá wá ń ṣe yín bíi kí ẹ kú, ẹ má dúró di ọ̀la. Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ni ilé ìwòsàn Árò wà, l'Ábẹ́òkúta. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ bà yín lẹ́rù. Ara ń yá níbẹ̀. Bí jíjókòó jẹ́ẹ́ bá sì ń jí ẹ̀rù àtijọ́ kan dìde, ẹ dá a dúró, kí ẹ wá ẹni tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀ bá sọ̀rọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí bọ́ọ̀sì tó kúrò ní Mọ̀wé. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá tún bi yín léèrè, ẹ ní kó jókòó tì yín, kí ẹ wí ọ̀rọ̀ náà sókè kó lè gbọ́ ọ.