Kí ni kíláàmù tí kò ní ìfun ń jẹ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Mo gbọ́ pé kíláàmù kan wà lókun, ẹran omi oníkarahun méjì yẹn, tí kò ní ìfun rárá. Báwo ló ṣe wá ń jẹun?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni o, Solemya reidi lorúkọ ọ̀kan nínú wọn. Bakitéríà, ìyẹn àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, ló ń bọ́ ọ, inú ẹ̀yà ara tó fi ń mí gan-an ni wọ́n ń gbé. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé sọ́fáìdì, nǹkan tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, tó jẹ́ májèlé fún wa, òun làwọn bakitéríà yìí ń lò pẹ̀lú ọ́síjìn, agbára tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ, bí ewéko ṣe ń lo oòrùn, kíláàmù á wá jẹ nínú ẹ̀.

Ẹ tún wo àwọn kíláàmù ńlá tí wọ́n rí nítòsí àwọn erékùṣù Galápagos ní Òkun Pàsífíìkì ní 1977, létí ibi tí omi gbígbóná ti ń tú jáde ní ìsàlẹ̀ òkun. Ẹ̀jẹ̀ wọn pupa bíi tiwa! Wọ́n á na ẹsẹ̀ bọ inú pàlàpálá òkúta, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fa sọ́fáìdì, ẹ̀jẹ̀ á gbé e lọ bá bakitéríà. Inú ẹyin ìyá lọmọ sì ti ń gba bakitéríà tiẹ̀.