Ìbéèrè yín, ìdáhùn wa: Ṣé òótọ́ ni pé Muralitharan ń ṣe ojoro?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. London ni mo ń gbé, níbi iṣẹ́ wa a ní ará Sri Lanka kan àti ará Australia kan, ọ̀rọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì ò jẹ́ káwọn méjèèjì jẹun ọ̀sán ní àlàáfíà. Ti Sri Lanka ní kò tíì sẹ́ni tó mọ bọ́ọ̀lù yí bíi Muralitharan, èkejì á ní ojoro ni, pé jíjù ló ń jù ú. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan lèmi mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ òótọ́ nínú wọn?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣé gan-an, ará wa ní London. Ẹ̀yìn ará Sri Lanka yẹn ni mo wà o, mi ò ní fi bò, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀ kó má dà bíi pé mò ń ṣègbè.

Ẹni tó ń bowl nínú kíríkẹ́ẹ̀tì máa sáré wá, á yí apá ẹ̀ po lókè orí, á wá tú bọ́ọ̀lù sílẹ̀ sí ẹnì kan tó mú igi láti fi gbá a. Ohun tí òfin ò gbà ni kó ká ìgbọ̀nwọ́ kó wá nà án pàù nígbà tó fẹ́ tú u sílẹ̀, bí ọmọdé ṣe máa ń sọ òkò sí máńgòrò. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní jíjù, gbogbo ìjà yẹn, orí ìgbọ̀nwọ́ ló wà.

Ọmọ Tamil, ẹ̀yà tí ò pọ̀ ní Sri Lanka, ni Muralitharan, ọdún 1972 ni wọ́n bí i ní Kandy, ìlú kan tó wà láàárín àwọn òkè Sri Lanka, bàbá ẹ̀ ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bísíkíìtì. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ò ṣeé nà tán. Ẹ na apá yín síwájú báyìí, ẹ wò ó, tiyín á nà gbọnrangandan, tiẹ̀ á ká díẹ̀ níbi tó bá parí sí, ó fẹ́ ó kọ̀. Ẹ wá fi ọrùn ọwọ́ tó rọ̀ bí ọ̀já kún un, èyí tó ń yí bọ́ọ̀lù débi pé tó bá balẹ̀ ńṣe ló máa ṣẹ́rí gba ibòmíì lọ. Ẹni tó bá ń wo irú apá bẹ́ẹ̀ látòkèèrè, ojú ẹ̀ á máa sọ fún un pé ó ju bọ́ọ̀lù.

Ojú yẹn náà ni Darrell Hair gbà gbọ́ ní Melbourne lọ́jọ́ kejì Kérésì ọdún 1995. Òun ni umpire, ìyẹn rẹfirí tiwọn. Láàárín over 3 péré (bọ́ọ̀lù 6 ló wà nínú over kan), ìgbà 7 ló nawọ́ pé no-ball, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí òfin ò gbà, níwájú èrò rẹpẹtẹ. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ títí dòní ni pé Arjuna Ranatunga tó jẹ́ kápútéènì wọn ní kí Murali lọ máa bowl láti apá kejì pápá, níbi tí umpire kejì wà, Steve Dunne ọmọ New Zealand, Murali sì bowl over tó pọ̀ níbẹ̀, ọkùnrin yẹn ò pe no-ball kankan pé ó jù ú. Apá kan náà, ọjọ́ kan náà! Ní 1999 ní Adelaide, umpire míì, Ross Emerson, tún ṣe é fún un, inú bí Ranatunga débi pé ó kó àwọn ọmọ ẹ̀ lọ sétí pápá, eré dúró.

Wọ́n gbé Murali lọ sí yunifásítì ní Perth, wọ́n tún gbé e lọ sí Hong Kong, wọ́n fi kámẹ́rà wọn apá ẹ̀, wọ́n ní ojú ló ń tan èèyàn jẹ. Ní 2004 wọ́n tún gbé ọ̀rọ̀ míì dé, lórí bọ́ọ̀lù tó ń pè ní doosra, èyí tó máa ń ṣẹ́rí gba òdìkejì ibi tí ẹni tó mú igi ń retí. Lọ́dún yẹn náà ló gbà kí wọ́n fi nǹkan líle tó ní irin nínú de apá ẹ̀ níwájú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n, ìgbọ̀nwọ́ ò lè mì rárá, ó wá bowl gbogbo ohun tó mọ̀, doosra náà wà ńbẹ̀, bọ́ọ̀lù sì ń ṣẹ́rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Kí lèèyàn tún fẹ́ rí?

Nípa òfin tó yí padà, èyí táwọn kan ní tìtorí ẹ̀ ni: dígíríì 5 ni wọ́n fàyè gba àwọn ayíbọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀ láti fi na ìgbọ̀nwọ́, àwọn tó ń bowl pẹ̀lú eré ní 10. Ìgbà tí wọ́n wá fi kámẹ́rà tó mú dáadáa wo àwọn yòókù, wọ́n rí i pé àwọn tẹ́nì kankan ò fura sí náà ń na ìgbọ̀nwọ́ tiwọn, bó ṣe di 15 fún gbogbo wọn ní 2005 nìyẹn. Ẹ bá mi sọ ìyẹn fún ará Australia yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní ó mú 800. 800 kí ni?

ÌDÁHÙN: Wíkẹ́ẹ̀tì ni. Ẹni tó mú igi tẹ́ ẹ bá lé jáde, wíkẹ́ẹ̀tì kan nìyẹn, nínú Test, eré ọlọ́jọ́ 5, ló ti mú 800 yẹn, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 133 ló fi mú un. Shane Warne, ọmọ Australia tóun náà mọ bọ́ọ̀lù yí bí idán, 708 ni tiẹ̀ nínú 145. Ní The Oval ní London lọ́dún 1998, Murali nìkan mú 16 nínú wíkẹ́ẹ̀tì 20 tí England ní. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Galle, July 2010. Ó ti sọ ṣáájú pé Test òun tó kẹ́yìn nìyẹn, 792 ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, 8 ló kù. Ó mú un títí ó fi ku ẹyọ kan, ó sì ku ẹnì kan ṣoṣo fún India, Pragyan Ojha. Bọ́ọ̀lù fara kan igi Ojha, Mahela Jayawardene, ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ tó dúró lẹ́yìn, hán an kó tó balẹ̀, Ojha jáde, 800 pé. Ìgbà 77 ni Jayawardene ti bá a hán an bẹ́ẹ̀ nínú Test.

ÌBÉÈRÈ: Tamil tẹ́ ẹ ní ó jẹ́ yẹn, ṣé ogun ò sí lórílẹ̀-èdè wọn nígbà yẹn ni?

ÌDÁHÙN: Ogun wà o, láti 1983 títí di 2009, àwọn ọmọ ogun Tamil àti ìjọba. Kódà ṣáájú ogun, nínú rògbòdìyàn 1977, wọ́n ti dáná sun iléeṣẹ́ bàbá ẹ̀. Ọmọ yẹn náà ló wá dàgbà tí Sinhala, ẹ̀yà tó pọ̀ jù níbẹ̀, àti Tamil jọ ń pariwo orúkọ ẹ̀. Nígbà tí omi òkun ya wọ ìlú ní December 2004, ó wà lára àwọn tó ṣètò ilé fáwọn tí omi gbé tiwọn lọ ní Seenigama. Ìgbà tó gbá World Cup tó kẹ́yìn ní 2011, bọ́ọ̀lù tó bowl kẹ́yìn nílé, ní Colombo, wíkẹ́ẹ̀tì ni, Scott Styris ti New Zealand ló fi lé jáde. Wọ́n lọ sí Mumbai fún àṣekágbá, India lù wọ́n.