Tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu ẹni níbi àdúrà

Ìbéèrè: Pásítọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí a bá wà nínú ìjọ, mo máa ń gbàdúrà dáadáa, ohùn mi a sì máa lọ sókè. Àmọ́ tó bá ku èmi nìkan nínú yàrá, kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, ọ̀rọ̀ á ti tán lẹ́nu mi. Bí n kò bá sùn lọ, ọkàn mi á ti lọ síbi iṣẹ́ tàbí sórí owó tí mo jẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pinnu pé màá máa fi wákàtí kan gbàdúrà lójoojúmọ́, n kò lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ rí. Ṣé ìgbàgbọ́ mi ni kò tó ni?

Ìdáhùn: Rárá o, arábìnrin mi. Ẹni tí kò nígbàgbọ́ kì í da ara rẹ̀ láàmú pé òun ò gbàdúrà. Nínú ìjọ, ẹnìkan ló ń pe kókó àdúrà, ohùn àwọn tó yí yín ká ló sì ń gbé yín lọ. Nínú yàrá, kò sẹ́ni tó máa pe kókó. Kí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu yín níbẹ̀ kò yà mí lẹ́nu.

Èmi náà ti rí tèmi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń gbàdúrà jẹ́jẹ́, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ni ohùn mi bá yí padà, ó ròkè, "Bàbá, Bàbá" sì pọ̀ sí i lẹ́nu mi. Àṣé ẹni tó ń kọjá ni mò ń gbàdúrà fún létí! Ojú tì mí, èmi nìkan nínú yàrá. Ọjọ́ yẹn ni ìdí tí Jésù fi ní kéèyàn wọ ìyẹ̀wù rẹ̀ lọ kó sì ti ilẹ̀kùn tó yé mi yékéyéké.

Ọ̀rọ̀ wákàtí kan yẹn ńkọ́? Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ná. Nínú ọgbà Gẹtisémánì, lálẹ́ tí wọ́n mú Jésù, Pétérù, Jákọ́bù àti Jòhánù ò lè bá Olúwa wọn ṣọ́nà fún wákàtí kan péré. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà wá bá wọn lójú oorun. Kò sì lé wọn dànù, ó ní ẹ̀mí ń fẹ́, ara ni kò lágbára. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ní àkókò kan náà, lórí àga kan náà. Nígbà tí wọ́n ṣòfin pé fún ọjọ́ 30 kò gbọdọ̀ sẹ́ni tó máa bẹ ọlọ́run tàbí èèyàn kankan àfi ọba Dáríúsì, Dáníẹ́lì lọ síbi fèrèsé rẹ̀ tó kọjú sí Jerúsálẹ́mù, ó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. "Bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀" yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tó máa kúnlẹ̀ sí lọ́jọ́ ìṣòro.

Kí wá lẹ máa sọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá? Ẹ yá ọ̀rọ̀ lò. Ẹ ṣí Sáàmù 13, ẹsẹ 6 péré ni. Ìbéèrè ló fi bẹ̀rẹ̀: Olúwa, yóò ti pẹ́ tó tí ìwọ yóò fi gbàgbé mi? Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má tíì kà á lọ. Kí ló ti pẹ́ jù nínú ayé tiyín? Ẹ ní owó kan wà lọ́rùn yín. Ẹ sọ ọ́: iye rẹ̀, ẹni tí ẹ jẹ ẹ́, ọjọ́ tí ẹ ṣèlérí pé ẹ máa san án, ìró fóònù tó ń já yín láyà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ka ẹsẹ tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì tún dúró. Títí ẹ ó fi dé ìparí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá á ti fò.

Ṣé ẹ rí i pé owó tó ń gbé ọkàn yín lọ náà ló wá di àdúrà? Ẹ̀yin ń bá ọkàn yín jà pé kó padà síbi kókó, ibi tó sá lọ gan-an ni kókó wà. Tó bá lọ síbi iṣẹ́, ẹ tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀, kí ẹ sì gbàdúrà fún ọ̀gá tó ń bí yín nínú.

Ti oorun rọrùn: ẹ má gbàdúrà lórí ibùsùn. Ẹ dìde, ẹ rìn, ẹ jẹ́ kí ẹnu yín sọ̀rọ̀ jáde. Àdúrà inú náà dára o. Ètè Hánà nìkan ló ń mì tí Élì àlùfáà fi rò pé ó ti mutí yó, Ọlọ́run sì gbọ́ ọ. Àmọ́ ẹni tí oorun ń kùn, ohùn á ràn án lọ́wọ́. Kí fóònù wà ní yàrá mìíràn, kí ẹ sì lo Bíbélì oníwèé.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, àdúrà ò tíì parí fún ọjọ́ náà. Nehemáyà, agbọ́tí ọba, gbàdúrà láàárín ìbéèrè ọba àti èsì tó fẹ́ fọ̀. Nígbà tí omi fẹ́ gbé Pétérù mì, "Olúwa, gbà mí" ló sọ, kò rí àyè fi kún un. Irú èyí ṣeé gbà lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ tó gbé ìpè ẹni tí ẹ jẹ lówó yẹn.

Ọjọ́ mìíràn máa wà tí ẹ ò ní mọ nǹkan kan lára. Òkùnkùn ni Sáàmù 88 parí sí, wọn ò sì yọ ọ́ kúrò nínú ìwé. Ẹ kà á lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí ó bá di ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ò rí oorun sùn, tí oúnjẹ ò lọ, tí gbogbo nǹkan sú yín, ẹ lọ rí dókítà pẹ̀lú, kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Tí ẹ bá fo ọjọ́ kan, ẹ má fi ogún ìṣẹ́jú san gbèsè rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ padà sórí mẹ́wàá yín.