Ẹja Wo Ni Kí N Sè?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mùsùlùmí kan, ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ kan àti Júù kan láti ibiṣẹ́ ọkọ mi ń bọ̀ wá jẹun nílé wa lọ́jọ́ Àìkú. Ṣé bí n kò bá ti se ẹlẹ́dẹ̀, ó bùṣe? – Ìyá Ìbejì, Yábàá

ÌDÁHÙN: Kò tíì bùṣe o, Ìyá Ìbejì. Ẹlẹ́dẹ̀ kò le: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kà á léèwọ̀, Sẹ̀lẹ́ náà kò yọ sílẹ̀, bí ọ̀pọ̀ Krìstẹ́nì yòókù tilẹ̀ ń jẹ ẹ́.

Edé ni wàhálà. Léfítíkù orí 11 ní ohun inú omi tó ní lẹbẹ àti ìpẹ́ nìkan ni kí Júù jẹ. Edé, akàn, ẹja àrọ̀ tí ara rẹ̀ ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́, kò sí èyí tó yege. Ẹ̀fọ́ rírò láìsí edé! Ẹ fara dà á.

Ẹran ewúrẹ́ ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀. Júù tó di òfin mú kò ní jẹ èyí tí ààfáà pa. Ẹja ni kò ní wàhálà dídúńbú. Ẹ ra epiya, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ha ìpẹ́ rẹ̀ lọ́jà, kí àlejò lè fojú rí i. Ẹ ka ara páálí amọ́bẹ̀dùn, edé wà nínú òmíràn. Ìkòkò àti ọ̀bẹ tuntun ni kí ẹ lò. Èyí tó ti kan edé rí kò ṣe é lò fún Júù náà.

Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè o. Àwọn kan kì í jẹ ohun tí ẹni tí kì í ṣe Júù dá sè. Ẹ gbé ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ẹ kò tíì bó fún irú wọn.