Posta di Bicorno: ọwọ́ òsì ló ń ṣe iṣẹ́ náà

Ẹ ní ẹ dúró sínú Posta di Bicorno, ọ̀kan nínú àwọn ìdúró idà ọlọ́wọ́ méjì inú ìwé olùkọ́ idà Fiore dei Liberi, bí àwòrán inú ìwé náà ṣe fi hàn, ẹ na ṣóńṣó idà sí ẹnìkejì yín, ẹ ń retí kó wá. Ó wá lóòótọ́, ọwọ́ yín ló ṣá, ọrùn ọwọ́ òsì yín sì ń ro yín di ọjọ́ kejì. Ẹ wá ń béèrè bóyá ìdúró yìí tiẹ̀ wúlò fún ìjà. Ó wúlò púpọ̀, èmi kò lè fi í sílẹ̀. Ibi tí ẹ ti ṣìnà ni dídúró tí ẹ dúró. Ojú ọ̀nà ni Bicorno, a kì í tẹ́ ẹní sójú ọ̀nà.

Ẹ wo ohun tí Fiore dei Liberi fúnra rẹ̀ kọ. Ará Friuli ní àríwá Ítálì ni, Niccolò d'Este, olúwa Ferrara, ló sì kọ ìwé rẹ̀ fún. Nínú àwọn ẹ̀dà ìwé náà tó kù, èyí tí wọ́n ń pè ní Pisani Dossi kọ ọdún 1409 sára. Ìdúró 12 ló tò fún idà ọlọ́wọ́ méjì, ó sì pín wọn sí mẹ́ta: stabile, èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, instabile, èyí tí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, àti pulsativa, èyí tí agbára ìlù wà nínú rẹ̀. Instabile ló pe Bicorno. Ẹni tó bá fẹ́ sinmi nínú rẹ̀ ti ń bá ìwé jà kó tó bá ẹnìkejì jà. Nínú ẹ̀dà tó wà ní ilé àkójọ Getty ní Amẹ́ríkà, ó ní ìdúró yìí há mọ́ra débi pé ṣóńṣó rẹ̀ kì í kúrò láàárín ọ̀nà, pé ohun tí Posta Longa (ìdúró tí apá nà gbọọrọ síwájú) bá lè ṣe, òun náà lè ṣe é, ó sì tún dárúkọ Posta di Finestra (ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí) àti Posta Frontale (idà dìde níwájú ojú) mọ́ ọn. Bí mo ṣe ka gbólóhùn yẹn ni pé ọmọ ìyá kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: a ń ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì láìjẹ́ pé ṣóńṣó kúrò níwájú ọ̀tá. Ní ti Pisani Dossi, ìdúró náà fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀: Bicorno, ìyẹn oníwo méjì, lórúkọ tí wọ́n ń pe òun, kí ẹnikẹ́ni má sì béèrè bóyá ẹ̀tàn pọ̀ lọ́wọ́ òun.

Ọ̀rọ̀ èèkù ló kàn, nítorí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tíì tẹ èèkù idà dáadáa kò ní ohun tó máa béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nínú àwòrán, ọwọ́ òsì kò di idà mú bíi ti àwọn ìdúró yòókù, àwa tí a ń fi í ṣeré kò sì fẹnu kò lórí bó ṣe yẹ kó rí gan-an. Èyí tí mò ń lò nìyí, torí òun ló máa ń gba ìlù dúró. Ọwọ́ ọ̀tún wà nítòsí irin ìdábùú tó wà lókè èèkù, ìka ìfábẹ̀lá àti àtàǹpàkò ló di í mú, ìka mẹ́ta yòókù kàn fọwọ́ bà á. Ọwọ́ òsì ni kí ẹ yí: ẹ tú àwọn ìka, ẹ jẹ́ kí èèkù yọ́ sẹ́yìn títí kókó ìdí idà fi jókòó sínú kòtò ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́, ní ẹ̀bá ọrùn ọwọ́. Àtẹ́lẹwọ́ yóò wá kọjú sókè, àwọn ìka yóò tẹ́ sábẹ́ èèkù, àtàǹpàkò yóò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó náà. Nígbà yìí, apá òsì láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́ ti tò sẹ́yìn idà gbọọrọ bí igi tí a fi ti ilẹ̀kùn.

Ìrora tí ẹ ń sọ, ibí ló ti ń wá. Ọrùn ọwọ́ nìkan ni ẹ yí, ìgúnpá ṣì wà níta. Ìgúnpá ni kó kọ́kọ́ rìn. Ẹ mú un wọlé títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan egungun ìhà, ọwọ́ yóò yí fúnra rẹ̀, ọrùn ọwọ́ yóò sì tọ́. Bí ẹ bá ṣe é tán tí ọrùn ọwọ́ ṣì tẹ̀ kọ́rọ́, ẹ tú u ká, ẹ tún un ṣe. Ẹ má fi agbára dúró síbẹ̀. Ìgúnpá méjèèjì tó wọlé yìí náà ni "híhá" tí Fiore ń wí. Apá méjèèjì àti àyà di igun mẹ́ta. Ẹni tó bá lu ṣóńṣó idà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ ti igun mẹ́ta yẹn lápapọ̀, kì í ṣe ọrùn ọwọ́ lásán. Nínú Posta Longa tí apá nà gbọọrọ, ìlù kékeré ti tó láti gbé ṣóńṣó jìnnà. Nínú Bicorno, ìlù kan náà kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé e ju ìbú ọwọ́ kan lọ, a sì padà wálé kíá.

Ojú idà ńkọ́? Ẹ yí i sí ibi tí ẹnìkejì ti ń tẹ̀ yín. Tó bá ń ti òsì yín tẹ̀ wá, ojú idà kọjú sí òsì. Tó bá jẹ́ láti ọ̀tún, ó kọjú sí ọ̀tún. Bí ẹ bá fi pẹlẹbẹ gbà á, idà yóò fì, idà tirẹ̀ yóò sì yọ̀ wá sórí ìka yín torí apá irin ìdábùú kò sí lápá ibẹ̀ láti dá a dúró.

Mo rọ̀ yín, ẹ ka ibi tó kàn yìí lẹ́ẹ̀mejì, torí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe sódì. Bí wọ́n bá wà nínú Posta Longa tí ẹnìkejì tẹ idà wọn, wọ́n á fa idà sẹ́yìn wá sí àyà kó lè rí bíi Bicorno inú àwòrán. Ẹ fi idà méjì dán an wò lórí tábìlì. Bí ẹ bá ṣe ń fa tiyín sẹ́yìn, ibi tí méjèèjì ti kan ara wọn ń sún lọ sí ṣóńṣó yín, níbi tí idà ti rọ jù. Ẹ ti fi ọwọ́ ara yín gbé agbára fún un. Ara ló ń lọ bá idà, idà kì í padà wá bá ara. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ wà níbi tó wà nínú afẹ́fẹ́, kí ẹ sì sún ẹsẹ̀ iwájú lọ níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Accressere ni Fiore ń pe ìgbésẹ̀ yìí. Ìgúnpá á ká, àyà á súnmọ́ èèkù, ọwọ́ òsì á yí lákòókò kan náà, ibi ìkanra kò sì ní sún lọ sí ṣóńṣó yín. Nígbà tí mo bá parí rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún mi máa ń wà ní bíi 30 sẹ̀ǹtímítà sí àyà, ọwọ́ òsì ní bíi 10 sí 15, ṣóńṣó sì ga ju ọwọ́ lọ díẹ̀, ó ń wo ọ̀fun ẹnìkejì.

Láti ibẹ̀, ẹ gún un. Ẹ fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọjá síwájú ní ìdábùú, kúrò lójú ọ̀nà, ní ìhà tí idà rẹ̀ kò sí. Ó bá ohun tí Fiore kọ fún scambiar di punta mu, ìyẹn pàṣípààrọ̀ ìgúnni: apá nísàlẹ̀, ṣóńṣó lókè, sí ojú tàbí àyà. Bí apá yín bá ti ń nà, Posta Longa lẹ tún bọ́ sí yẹn. Láti ìgbà tí ẹ wọ Bicorno dé ìgbà tí ẹ jáde, kò yẹ kó ju ìgbésẹ̀ méjì lọ.

Ẹnìkejì kì í sábà gbà fún yín bẹ́ẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Tó bá yọ idà rẹ̀ gba abẹ́ tiyín, ẹ má tẹ̀ lé e. Ẹ na apá lójú ẹsẹ̀, torí ní àkókò tó ń yọ yẹn, kò sí ohun kankan láàárín ṣóńṣó yín àti òun. Tó bá fi gbogbo agbára tì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má bá a ti í; ẹ gbé ọwọ́ sókè sí ẹ̀gbẹ́ orí, Posta di Finestra nìyẹn, ṣóńṣó ṣì ń wò ó. Tó bá gbé ìgúnni láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ẹ gbé idà dìde sí Frontale, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Fiore gan-an yin Frontale fún fífi idà dábùú ti ọ̀tá. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró sí Posta di Donna tó ti gbé idà kọ́ èjìká, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé Bicorno síwájú rẹ̀. Fendente, ìyẹn ìṣá láti òkè wá sílẹ̀, tó bá ti ibẹ̀ bọ̀ wúwo ju ohun tí ọwọ́ tó yí lè gbà lọ, ọwọ́ yín ló sì súnmọ́ ọn jù. Bí wọ́n ṣe ń ṣá yín lọ́wọ́ nìyẹn. Bicorno fẹ́ kí idà méjèèjì ti kan ara wọn, tàbí kó jẹ́ pé ìgúnni ni ẹnìkejì ń gbé bọ̀.

Ẹ má wá ìṣá nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọwọ́ òsì tó kọjú sókè kò lè fa èèkù, àfi kí ó kọ́kọ́ padà sí dídi tẹ́lẹ̀, àkókò yẹn sì tó fún ẹnìkejì láti fi ìgbésẹ̀ kan wọlé. Bí ẹnìkejì bá ti súnmọ́ yín dé zogho stretto, ìyẹn ìjà àfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́ tí ọwọ́ ti lè tó ara wọn, tó ń nawọ́ sí àárín ọwọ́ yín méjèèjì lórí èèkù, ẹ tètè yọ ọwọ́ òsì kí ẹ fi di apá rẹ̀ mú. Èèkù tí a gbá mọ́ àyà rọrùn fún un láti fi ti yín ṣubú.

Ní ti irin-iṣẹ́, èèkù tí kò tó 24 sẹ̀ǹtímítà yóò fún ọwọ́ òsì lọ́rùn. Idà tó gùn tó 120 sẹ̀ǹtímítà, tó wọn bíi kílò kan ààbọ̀, ti tó. Kókó ìdí idà tó rí roboto tàbí bí èso píà ló ń jókòó dáadáa. Èyí tó rí pẹlẹbẹ tí etí rẹ̀ mú yóò bó àtẹ́lẹwọ́. Ìbọ̀wọ́ onírin tó pa gbogbo ìka pọ̀ kì í jẹ́ kí ọwọ́ òsì yí tán, òun sì wà lára ìdí tí àwọn kan fi ń sọ pé ìdúró yìí kò ṣeé ṣe. Fiore sọ pé nígbà márùn-ún tí òun fi idà mímú jà nítorí ìlara àwọn olùkọ́ mìíràn, aṣọ ìjà àti ìbọ̀wọ́ awọ nìkan ló wà lára òun. Mi ò ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ìbọ̀wọ́ tó ya ìka sọ́tọ̀, ó kéré tán fún ọwọ́ òsì.

Ohun kan tí àwọn tó ń kọ́ni kì í sọ tó: ìgúnni láti inú Bicorno máa ń wúwo ju bí ẹni tó ń gún ṣe rò lọ. Apá òsì wà lẹ́yìn kókó, ara wà lẹ́yìn apá, kò sí oríkèé tó máa fà sẹ́yìn. Nítorí náà, idà tó ń tẹ̀ dáadáa nìkan ni kí ẹ lò, kí ṣóńṣó rẹ̀ ní rọ́bà, kí ẹnìkejì ní ìbòjú, ìbọ̀rùn líle àti jákẹ́ẹ̀tì Newton 350 (ìwọ̀n agbára ìgúnni tí aṣọ lè gbà) ó kéré tán; 800 dára jù. Bí ṣóńṣó bá ti kàn án, ẹ tú ìka òsì kí kókó yọ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́.

Fún ìdánrawò, ẹ so òrùka tí ìbú rẹ̀ tó 8 sẹ̀ǹtímítà kọ́ ní gíga ọ̀fun. Ẹ ki ṣóńṣó bọ̀ ọ́ nínú Posta Longa, ẹ sún ẹsẹ̀, ẹ yí ọwọ́, ẹ padà. Ìgbà 20 láìkan òrùka. Bí ẹ bá kàn án, ìgúnpá òsì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, kí ẹnìkejì máa lu idà yín, 10 láti òsì, 10 láti ọ̀tún, jẹ́jẹ́ ná, kó tó fi kún agbára. Tí ṣóńṣó bá kúrò ju ìbú ọwọ́ kan lọ, ìgúnpá ti jáde tàbí ẹ ti fa idà sẹ́yìn. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe èyí kí ẹ tó gbé e wọ ìjà gidi, bí ọrùn ọwọ́ bá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín, ẹ dúró lọ́jọ́ náà.