Mọ́tò Kọ́, Ọṣẹ Ni

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Sàgámù ni mo ń gbé. Lọ́dún tó kọjá ni ọkọ mi ra ẹ̀rọ ìfọṣọ kílò méje fún wa, èyí tí ilẹ̀kùn ẹ̀ wà níwájú. Láti bí oṣù méjì, ó ń fọ̀ àmọ́ kì í fún aṣọ mọ́, aṣọ ń jáde pẹ̀lú ìlà funfun lára, inú ẹ̀ sì ń rùn bí omi tó ti kan. Ọmọkùnrin tó wá wò ó ní mọ́tò ni, ká lọ ra tuntun. Mo ti pààrọ̀ ọṣẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọṣẹ olómi inú kẹ́ẹ̀gì tó ń hó dáadáa ni mo ń lò báyìí, ife méjì ààbọ̀ ni mo ń dà sí i, síbẹ̀ aṣọ ò mọ́. Ọṣẹ wo ló lágbára jù? Ṣé mo sì lè fi aṣọ òkè ìgbéyàwó mi sínú ẹ̀?

Ìdáhùn: Ìyàwó wa, ibi "ife méjì ààbọ̀" ni mo kà dé tí mo ti mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ yín. Mi ò ní júwe ọṣẹ alágbára kankan fún yín. Ọṣẹ tó wà nínú ikùn ẹ̀rọ náà bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí tó fọ aṣọ ẹ̀ẹ̀mejì láìda òmíràn sí i. Ẹ má tíì fowó ra mọ́tò.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú, ẹ fojú fò mí. Ìjẹ̀bú-Òde ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ọ̀sẹ̀ tó bá tẹ̀lé Ojúde Ọba ni iṣẹ́ máa ń ya lù mí jù. Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba. Àlejò á ti kún ilé, aṣọ ẹgbẹ́, aṣọ ọmọ, aṣọ ibùsùn, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n á rọ́ sínú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á wá máa bu ọṣẹ lé e bí ẹni ń bu gàrí sómi. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n á gbé e wá pé ó ti kú. Mo bá tú u, mọ́tò pé, bẹ́líìtì pé, ọṣẹ ló dì gbagidi sí gbogbo ihò. Wọ́n ní àwa Ìjẹ̀bú kì í fowó ṣòfò. Kí wọ́n wá wo iye ọṣẹ tí à ń dà sí gọ́tà.

Ohun tó bà wá jẹ́ ni pé a gbà pé ọṣẹ tí kò bá hó, kò ṣiṣẹ́. Irọ́ ni. Ìfófó kì í fọ aṣọ. Èròjà inú ọṣẹ ló ń fọ̀ ọ́: apá kan rẹ̀ fẹ́ràn omi, apá kejì fẹ́ràn ọ̀rá. Èyí tó fẹ́ràn ọ̀rá á di ìdọ̀tí mú, èyí tó fẹ́ràn omi á wọ́ ọ kúrò lára aṣọ. Inú omi nìyẹn ti ń ṣẹlẹ̀. Ìfófó jẹ́ afẹ́fẹ́ tí ọṣẹ ta awọ tín-ínrín yí ká, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá ń fọwọ́ fọṣọ nínú báàfù, ó wúlò fún yín díẹ̀, torí òun lẹ fi ń mọ̀ pé ọṣẹ ṣì wà nínú omi. Tó bá ti rọlẹ̀, ẹ ó bu òmíràn kún un. Ojú àti ọwọ́ yín nìyẹn wà fún. Ẹ̀rọ ò fi ìfófó ṣe nǹkan kan.

Kódà ó ń dí i lọ́wọ́. Ẹ̀rọ onílẹ̀kùn iwájú kì í gba omi púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pè mí pé, "Ọ̀gá, omi ò wọlé tó," tí àwọn kan á tiẹ̀ fẹ́ fi báàkẹ́ẹ̀tì rọ omi sí i. Ó tó bẹ́ẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù inú ẹ̀ á gbé aṣọ lọ sókè, á jẹ́ kó já bọ́ gbì sínú omi díẹ̀ yẹn, á tún gbé e. Jíjábọ́ yẹn gan-an ni ìfọṣọ, òun ló rọ́pò bí àwọn ìyá wa àgbà ṣe ń na aṣọ mọ́ òkúta létí odò. Bí ìfófó bá wá kún inú ẹ̀, ṣe ni aṣọ ń já bọ́ sórí fóòmù. Ta ló já bọ́ sórí fóòmù tí nǹkan ṣe rí? Ìdọ̀tí á jókòó síbẹ̀ pẹ̀sẹ̀, ẹ ó rí i pé aṣọ ò mọ́, ẹ ó bá fi ọṣẹ kún un.

Àìfúnṣọ tó ń dà yín láàmú náà, ibì kan náà ló ti wá. Pọ́ọ̀mpù tó ń lé omi jáde, omi ni wọ́n ṣe é fún. Tó bá jẹ́ ìfófó ló bá lẹ́nu ọ̀nà, á kàn máa yí lásán ni. Omi ò ní jáde tán, ẹ̀rọ ò sì ní gbà láti sáré nígbà tí omi ṣì wà níkùn ẹ̀, torí tó bá ń fún aṣọ, dúrọ́ọ̀mù yẹn lè yí tó ìgbà 1,000 tàbí 1,200 láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn á tiẹ̀ kọ "Sud" sójú láti fi sọ pé ọṣẹ ti pọ̀ jù. Ọmọkùnrin yẹn rí i pé kò sáré, ó ní mọ́tò. Mo gbà pé mọ́tò tí kábọ́ọ̀nù inú ẹ̀ (èyí tó ń gbé iná wọnú ẹ̀) ti jẹ tán lè máa fọ̀ kó má lè sáré. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ dá mọ́tò lẹ́bi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó bóyá omi ń jáde. Ṣé ó wò ó?

Ìlà funfun tí ẹ rí, ọṣẹ tí omi ò ṣàn kúrò ni. Òórùn yẹn, ọṣẹ àti ọ̀rá ara ló lẹ̀ mọ́ rọ́bà ẹnu ọ̀nà tí èéhù fi rí oúnjẹ jẹ. Bí ara bá ń yún àwọn ọmọ, ó lè jẹ́ ọṣẹ inú aṣọ náà ni. Àmọ́ èmi kì í ṣe dókítà, ẹ gbé wọn lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ọṣẹ inú kẹ́ẹ̀gì yẹn. Mi ò bá àwọn tó ń pò ó jà, oúnjẹ òòjọ́ wọn ni, mo sì ń fi í fọ ọkọ̀ mi. Ó dáa fún àwo, ó dáa fún ilẹ̀. Ṣùgbọ́n Texapon wà nínú ẹ̀, èyí tó ń mú kó hó, ọ̀pọ̀ wọn sì tún máa ń fi foam booster, èyí tó ń sọ ìfófó di púpọ̀, lé e, torí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yin oníbàárà kì í ra èyí tí kò bá hó. Ẹni tó bá wá ń polówó ẹ̀ pé "ó dáa fún maṣíìnì" ń fi imú yín fọn fèrè ni. Ọṣẹ ẹ̀rọ ní èròjà tó ń pa ìfófó. Ẹ wo ara páálí: tí kò bá kọ "automatic" tàbí "front load" sí i, ọṣẹ ọwọ́ ni. Bó sì ṣe omi òjò lẹ gbè sínú táǹkì, ẹ tún dín in kù, ẹ̀yin náà mọ bí ọṣẹ ṣe máa ń hó nínú omi òjò, tí ṣíṣàn án kúrò lára aṣọ sì máa ń nira.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà nísàlẹ̀ níwájú, ẹ tẹ́ àkísà, ẹ gbé àwo pẹlẹbẹ síbẹ̀, ẹ tú ìdérí inú ẹ̀, ìyẹn asẹ́ pọ́ọ̀mpù, díẹ̀díẹ̀ nígbà tí omi inú ẹ̀ bá ti tutù. Ẹ máa bá píìnì irun níbẹ̀, ẹ máa bá òkúta ara léèsì níbẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dé e padà kó le. Ẹ wá tan ẹ̀rọ sí omi tó gbóná jù, láìsí aṣọ, láìsí ọṣẹ. Iná ìjọba ni kẹ́ ẹ fi ṣe é o, torí irin tó ń gbé omi kaná lè jẹ tó wáàtì 2,000, jẹnẹrétọ̀ kékeré ò lè gbé e. Ẹ máa yọjú wo gíláàsì. Ẹ máa rí ìfófó nínú ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ da ọṣẹ kankan sí i. Ẹ tún un ṣe títí omi á fi mọ́; ti ẹlòmíràn gbà á tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ fi àkísà nu inú rọ́bà yẹn, kẹ́ ẹ sì máa ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti fọṣọ tán, tí kò bá sí ọmọ kékeré tó lè kó sínú ẹ̀.

Ẹnì kan á ní kẹ́ ẹ da Jik àti ọṣẹ olómi ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pọ̀ sínú ẹ̀ kó lè tètè mọ́. Ẹ má dán an wò! Èéfín tó ń jáde nínú wọn lè pa èèyàn.

Lẹ́yìn náà, ṣíbí ìjẹun méjì ọṣẹ ẹ̀rọ onípáúdà, ó pọ̀ tán mẹ́ta tí aṣọ bá dọ̀tí gan-an. Ìwé tó bá ẹ̀rọ yín wá àti ohun tí wọ́n kọ sára páálí ju ọ̀rọ̀ mi lọ, torí mi ò rí ẹ̀rọ náà. Kílò méje tí wọ́n sọ, aṣọ gbígbẹ ni. Ẹ má kó o kún dé òkè; ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ lè wọlé láàárín aṣọ àti òrùlé dúrọ́ọ̀mù. Tó bá gbé yín níná tàbí tí ẹ gbọ́ òórùn jíjó, ẹ pa iná láti orí mítà, ẹ pe oníná.

Aṣọ òkè? Rárá o. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n rán pọ̀ ni, ẹ̀rọ á fún un ní ìfúnkúfùn, á sún kì, tó bá sì jẹ́ àlàárì, ó lè fi àwọ̀ ẹ̀ ba ohun gbogbo jẹ́. Ẹ sá a síbi afẹ́fẹ́ lábẹ́ òjìji, tó bá dọ̀tí ẹ gbé e fún dírááì-kílínà tó mọ aṣọ òkè. Àdìrẹ náà, ọwọ́ ni, lọ́tọ̀.

Bí ẹ bá ti ṣe ti omi gbígbóná yẹn tán tí kò sì fún aṣọ síbẹ̀, ẹ ká fídíò ẹ̀, kí ohùn ẹ̀ wọ inú ẹ̀ dáadáa nígbà tó yẹ kó máa sáré, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Kí ọmọkùnrin yẹn ṣì gbé mọ́tò ẹ̀ dání ná.