Ike ilé fúùsì ń yọ́, fúùsì ò já: má tíì lọ ra 30A

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Bọ́ọ̀dù tó ń pín iná bátìrì sólà 12V sí ọ̀nà mẹ́fà ni mo ṣe fún oníbàárà kan ní Mọ́níyà. Fúùsì mọ́tò aláwọ̀ yẹ́lò, 20A, ni mo fi sí ọ̀nà tó lọ sí inverter kékeré. Mi ò rí ilé fúùsì tí wọ́n ń jó mọ́ bọ́ọ̀dù rà, mo bá mú tẹ́míńà abo, irú èyí tí wọ́n fi ń so wáyà mọ́ hóònù mọ́tò, mo jó méjì mọ́ bọ́ọ̀dù, mo sì ki fúùsì bọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ò tíì pé, ike ìdí fúùsì ti yọ́, bọ́ọ̀dù ti dúdú, fúùsì ò sì já. Mítà ní 18A ló ń kọjá. Ṣé kí n gbé 30A sí i, àbí kí n kúkú jó fúùsì mọ́ bọ́ọ̀dù tààrà?

Ìdáhùn: Rárá sí méjèèjì, àbúrò. Irú ìbéèrè yìí sì ti pọ̀ jù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

O gbà pé iná tó ń kọjá ló pọ̀ jù tí ike fi ń yọ́. Irọ́ ni. 18A kò tó ohun tí fúùsì 20A máa torí ẹ̀ já. Fúùsì ò ṣẹ̀ ọ́ rárá. Ibi tí ẹsẹ̀ fúùsì àti irin tó yẹ kó dì í mú ti fara kanra ni ooru ti ń wá.

Mú kálípà (irin tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó), kó o wọn ọ́n. Fúùsì mọ́tò tó wọ́pọ̀ jù, èyí tí wọ́n ń pè ní ATO, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí 5.2 mm, ó sì nípọn tó 0.65 mm. Tẹ́míńà hóònù tó o lò, ahọ́n tó fẹ̀ tó 6.3 mm, tó sì nípọn tó 0.8 mm, ni wọ́n ṣe é fún. Ìyàtọ̀ 0.15 mm yẹn ò tó bébà méjì, àmọ́ òun ló ba nǹkan jẹ́. Bí ẹsẹ̀ ọmọdé nínú bàtà bàbá rẹ̀ ló rí: ó wọ̀ ọ́, kò dì í mú. Ojú kékeré méjì tàbí mẹ́ta ni irin fi kan irin, gbogbo 18A sì ń fún ara wọn gba ibẹ̀ kọjá.

Ooru ojú ibẹ̀ kò ṣòro láti ṣírò: kọ́rẹ́ǹtì (iye iná tó ń kọjá, ìyẹn A) lọ́nà kọ́rẹ́ǹtì, lọ́nà ìdènà (bí ojú ibẹ̀ ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó). Bí ìfarakanra bá dára, tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ milliohm 1 (ohm 0.001), 18 × 18 × 0.001 jẹ́ 0.32 W. Ìyẹn ò lè yọ́ nǹkan kan. Bí ó bá ṣẹ́gẹṣẹ̀gẹ, tí ìdènà wá di milliohm 20, ó ti di nǹkan bí 6.5 W, lójú ibi tí ò ju hóró ẹ̀wà lọ. Áyọ́ọ̀nù kékeré tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì, 15 W ni. O ti gbé bíi ìdajì rẹ̀ sí ìdí fúùsì, ó sì ń jó tọ̀sán-tòru. Bó ṣe ń gbóná ni irin tẹ́míńà ń rọ̀, ojú rẹ̀ ń dúdú, ìdènà ń pọ̀ sí i, ooru náà ń pọ̀ sí i. Nígbà míì, ooru náà á gba ẹsẹ̀ gùn dé inú fúùsì, fúùsì á já kí àsìkò rẹ̀ tó tó, wọ́n á ní fúùsì Ṣáínà ni. Wọ́n á gbé 30A sí i. Ibẹ̀ ni iná ti ń ran ilé.

Nítorí fúùsì 20A kì í já ní 20A. Ní 22A, ó gbọ́dọ̀ fara dà á fún wákàtí 100 ó kéré tán. Ní 27A, ó lè tó ìṣẹ́jú 10 kó tó já. Ìgbà tó bá di 40A ló máa já láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Gbé 30A síbẹ̀, wàá ti fún wáyà rẹ ní 33A tí fúùsì ò ní sọ̀rọ̀ sí. Bí wáyà 2.5 mm² lo fà, tó sì wà nínú páìpù pẹ̀lú àwọn márùn-ún yòókù, wáyà ló máa di fúùsì. Wáyà la torí ẹ̀ fi fúùsì síbẹ̀. Kì í ṣe inverter.

Ní ti jíjó fúùsì mọ́ bọ́ọ̀dù: irin inú ọ̀pọ̀ fúùsì wọ̀nyí zinc ni, o sì fẹ́ gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ò bá tilẹ̀ ba inú rẹ̀ jẹ́, ọjọ́ tó bá já láago méjì òru, kí ni oníbàárà máa ṣe? Á fi wáyà so ó pọ̀ ni.

Ó yá, ilé fúùsì gan-an. Ó sàn jù kó o ra èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún bọ́ọ̀dù. Keystone àti Littelfuse wà lára àwọn tó ń ṣe é, àwọn tó ń kó páàtì wọlé sì lè bá ọ mú un. Bí owó tàbí àkókò ò bá gbà, lọ sí Ararọ̀mí ní Agodi Gate, ra àpótí fúùsì tòkunbọ̀, kó o rọra yọ àwọn irin inú rẹ̀. Èyí tí ojú rẹ̀ bá ti di aró tàbí tó ti pọ́n, jù ú nù, iná ti pa sípíríǹgì rẹ̀. Irin méjì ló gbọ́dọ̀ fún ẹsẹ̀ kan mọ́ láti ọ̀tún àti òsì, wàá sì mọ̀ ọ́n lọ́wọ́: ó máa ń le díẹ̀ kó tó wọlé. Má sọ pé o máa fi púláyà fún tẹ́míńà hóònù yẹn mọ́. Ó máa dì í mú lónìí. Bó bá ti gbóná tó tún tutù fúngbà díẹ̀, á tún ṣí.

Ike tó bá máa yí i ká, nylon 66 ló dáa, kì í yọ́ àfi ní nǹkan bí 260 °C. (Kì í ṣe nylon búrẹ́dì o.) Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ẹ̀rọ 3D tẹ ilé fúùsì, PLA, ike tí ọ̀pọ̀ yín fi ń tẹ̀ ẹ́, ti ń rọ̀ ní bíi 60 °C. Ẹ má dán an wò.

Ihò tí ẹsẹ̀ irin máa gbà wọ bọ́ọ̀dù: wọn ẹsẹ̀ irin láti igun dé igun, fi 0.2 mm kún un. Bàbà tó yí ihò ká kó fẹ̀ tó 1 mm ó kéré tán. Bọ́ọ̀dù tó o fi ásíìdì ṣe fúnra rẹ ò ní bàbà nínú ihò, nítorí náà ọjọ́ tí wọ́n bá fa fúùsì yọ, bàbà òkè lè bó tẹ̀ lé e. Jẹ́ kí ike jókòó gbọn-in lórí bọ́ọ̀dù, fi skúrù méjì dè é, kí agbára ọwọ́ má bàa bọ́ sórí lẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó o bá fẹ́ jó o, ki fúùsì tó ti já sáàárín irin méjèèjì kí wọ́n lè dúró gún, má sì yọ ọ́ títí á fi tutù. Áyọ́ọ̀nù 60 W ni kó o lò. Pẹ̀lú èyí tó kéré, lẹ́ẹ̀dì á dán lókè, kò ní wọnú.

Ọ̀nà bàbà tí iná ń gbà lórí bọ́ọ̀dù ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bàbà bọ́ọ̀dù lásán nípọn tó 35 µm (ìyẹn 0.035 mm). Kí 20A tó gba ibẹ̀ kọjá láì gbóná ju 20 °C lórí ooru àyíká, ó gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó 12 mm. Bí bàbà bá jẹ́ 70 µm, 6 mm tó. Má fi ọ̀nà 3 mm tọ́jú 20A kó o wá da lẹ́ẹ̀dì lé e lórí; lẹ́ẹ̀dì kì í gbé iná bíi bàbà. Wáyà bàbà níhòòhò ni kó o tẹ́ síbẹ̀, kó o tó jó o mọ́ ọn.

Jẹ́ kí ilé kan jìnnà sí èkejì tó 15 mm láti àárín dé àárín, kí ooru má pàdé. Má sì jẹ́ kí ohun tó ń jẹ iná láìdáwọ́dúró kọjá 16A lórí fúùsì 20A. 18A rẹ yẹn ti pọ̀ díẹ̀: 25A ló yẹ ẹ́, bí wáyà rẹ bá jẹ́ 6 mm², tí bàbà bọ́ọ̀dù náà sì tó o.

Bí o bá parí, jẹ́ kí 15A máa kọjá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, gbé mítà sí milivolt, fi ẹnu wáyà mítà kan sẹ́sẹ̀ fúùsì, èkejì sórí bàbà ìdí rẹ̀. 15 mV túmọ̀ sí milliohm 1, ó dáa. Tó bá ti kọjá 30 mV, tú u.

Fúùsì wọ̀nyí, 32V ló wà lára ọ̀pọ̀ wọn. 12V àti 24V kò burú. Bátìrì 48V tàbí páńẹ́lì sólà tí wọ́n so tẹ̀léra, rárá, torí bó bá já, iná lè máa fò láàárín rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Bátìrì lithium ńlá sì gbọ́dọ̀ ní fúùsì tirẹ̀ lọ́tọ̀ lẹ́nu bátìrì, irú èyí tó lè já iná ńlá.

Mi ò rí bọ́ọ̀dù rẹ, ohun tó o kọ ni mo fi dáhùn. Jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wò ó kó o tó dá a padà. Èyí tó wà lára ògiri ní Mọ́níyà lọ́wọ́lọ́wọ́, pe oníbàárà lónìí, kó o ní kó yọ wáyà bátìrì kúrò níbẹ̀ títí wàá fi dé.